Àárọ̀ Ọyẹ́ ní Onípáànù: Fọ́tò Àwọn Asáré

Ẹni tó bá mọ Onípáànù mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dúró wòran. Títì Ìkòròdú ló la ibẹ̀ kọjá. Ṣómólú àti Bárígà wà ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, Mushin wà ní ìhà kejì, ọkọ̀ kì í sì í sinmi níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Páànù ìbolé ni orúkọ náà ń dá, ṣùgbọ́n ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ohùn kọ̀ndọ́kítọ̀: "Onípáànù, Palmgrove, Ọbáníkòró! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni a fi ń sọdá. Ẹni tó bá ní òun yóò sáré gba ìsàlẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wà lọ́dún tó yàtọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni Márátọ́ọ̀nù Ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀, eré ìje kìlómítà 42 àti mítà 195. Láti Pápá Ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọn a gba Ojúẹlẹ́gba àti Fádèyí dé ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n tó kọrí sí Maryland, Gbàgàdà àti afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic létí òkun. Ibi tí eré parí sí ni àwọn akọ̀ròyìn ń kóra jọ sí, nítorí ibẹ̀ ni owó àti ife ẹ̀yẹ wà. Àwa tí a kàn fẹ́ràn kámẹ́rà, tí ẹnikẹ́ni kò gbà síṣẹ́, Onípáànù ni a yàn.

Ọyẹ́ kì í tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán ní oṣù Kejì. Ní ìlú òyìnbó, yìnyín ni wọ́n fi ń mọ ìgbà òtútù. Ní tiwa, ètè tó là ni, àti eruku lójú gíláàsì kámẹ́rà. Aṣọ múlọ́múlọ́ tó mọ́ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe áńkáṣíìfù tí ẹ fi nu òógùn. Bí ọyẹ́ bá sì mú gan-an, ẹ má ṣe dààmú láti ya ẹni tó ṣì wà lókèèrè, eruku yóò gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ yín.

Àwọn tó ṣíwájú máa ń dé ṣáájú oòrùn. Nǹkan bí aago méje ni oòrùn ń yọ ní Èkó ní àsìkò yẹn. Nígbà tí àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà bá ń kọjá, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn ni a sì ń gbọ́ ju bí a ti ń rí wọn lọ. Ní ọdún 2020, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 23 ni David Barmasai ti Kẹ́ńyà fi parí rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju mítà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá lajú fún ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ọkùnrin náà yóò ti lọ tó sẹ̀ńtímítà 9 kó tó pa ojú dé, ojú rẹ̀ yóò sì dà bí èéfín. Ọgbọ́n kan ni kí ẹ máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ. Yóò hàn díẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì nà gbọọrọ bí òwú aṣọ òfì.

Lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ òǹwòran a máa lọ sílé. Ẹ má tẹ̀lé wọn o! Nígbà tí oòrùn bá yọ láti ìhà Bárígà, ọyẹ́ á sẹ́ ẹ bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀, á sì bọ́ sí ojú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gan-an. Ìhà Ṣómólú ni kí ẹ dúró sí, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Orí afárá kò dára, àtàrí àti ìpárí nìkan lẹ ó yà. Kámẹ́rà sì máa ń ka funfun ọyẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù, á wá sọ ojú èèyàn dúdú di èédú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un.

Àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ á kọjá, àwọn géndé tó ń kọrin, agbèrò tó wọ sílípáàsì tí kò sì ní nọ́ńbà kankan láyà. Ìyá oníbúrẹ́dì kan sọ fún wa pé asáré kì í ra búrẹ́dì, títì tí wọ́n dí sì ti ba ọjà òun jẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ní ọdún kan, ọkùnrin mẹkáníìkì kan ń tiro bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Ọ̀kadà ló gbá a, ó sì pẹ́ ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn egungun tó wà lẹ́bàá títì yìí kan náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

"Bàbá Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ya ẹsẹ̀ yìí mọ́ ọn o. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbà pé wọ́n ti gé e. Wọ́n ní à ń tan àwọn ni."

"Ṣé ẹ máa lè dé Lẹ́kí báyìí?"

"Háà, rárá sà. Palmgrove tó mi."

A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a yà á látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀dà, afárá lẹ́yìn rẹ̀, kí ìyá má baà sọ pé inú sítúdíò ni. Ṣómólú ni ilé àwọn onítẹ̀wé, nítorí náà a tẹ̀ ẹ́ jáde ní fífẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, torí fọ́tò inú fóònù kì í tẹ́ ìyá àgbà lọ́rùn. Awakọ̀ kan tó ń ná Ìjẹ̀bú-Igbó ló bá wa mú un lọ.

Nígbà tí awakọ̀ náà padà, ó ní ìyá ka ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan, èjì, ó sì tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bínú, wọ́n ní kí ló gbé ọmọ àwọn dé àárín títì.