Ẹ̀rọ Gbọ́ Ẹkún Ìyàwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ mi lára ní ọdún 2024, nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lórí ẹkún ìyàwó.

Ìyá mi àgbà ni mo lọ bá ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, wọ́n sun ẹkún láti ojúlé dé ojúlé. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ fún 40 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti ṣe àdàkọ lítíréṣọ̀ alohùn rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀: a ó gbọ́ ìlà kan, a ó dá a padà, a ó tún un gbọ́, a ó wá fi àmì ohùn sí i. Irú iṣẹ́ sùúrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣáájú wa ṣe. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, ń jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Kí ló dé tí o ń dá ara rẹ lóró? Gbé e fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá.” Mo gbé e fún un. Kí n tó jẹ ẹ̀bà mi tán, ojú ìwé 11 ti wà nílẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo gbé e lọ fún olùkọ́ mi.

Olùkọ́ mi ka ojú ìwé kìíní, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó yìí ń lọ sí oko kẹ̀?” Mo wò ó: gbogbo ibi tí ìyá àgbà ti pe ‘ọkọ’, ‘oko’ ni ẹ̀rọ kọ. Kò yani lẹ́nu. Inú ohun tí àwa fúnra wa ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ Yorùbá, púpọ̀ nínú wa kì í sì í fi àmì síṣu-sẹ́nu ọ̀rọ̀.

Wọ́n dé ojú ìwé kẹfà, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. “Àdúrà yìí, ta ló sọ ọ́?” Mo ní ìyá mi àgbà ni. Wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ọ dáadáa.

Mo gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀! Ibi tí ìyá àgbà ti rántí ìyá tiwọn ni, tí ẹkún gidi gbà wọ́n lóhùn. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí yóò fi ẹkún ṣe, ó bá fi àdúrà gígún régé dí àyè náà. Díẹ̀ ló kù kí n parọ́ mọ́ ìyá mi àgbà nínú ìwé tí orúkọ mi wà lára rẹ̀.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ yìí ti ṣe ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe. Ní 2024 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gba ẹ̀bùn nítorí pé wọ́n fi í ka lẹ́tà tó lé ní 2,000 nínú ìwé kíká kan láti Herculaneum ní Ítálì, èyí tí iná òkè Vesuvius ti sọ di èédú láti ọdún 79. Wọn kò ṣí ìwé náà rárá. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè Gíríìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Èmi kò yẹ nǹkan kan wò.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn, mo lo ọjọ́ mẹ́ta, mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá àgbà létí. Nígbà tí mo dé ibi ‘oko’, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ yín ò tí ì wọlé ọkọ rí nìyẹn.” Mo bi wọ́n léèrè ohun tí kí n kọ sí ibi àdúrà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kọ ọ́ pé mo sunkún.” Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ sọ ẹ̀rọ nù. Èmi náà ṣì ń lò ó fún àdàkọ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ara yín gbọ́ ohùn náà, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì padà tọ ẹni tó ni ohùn lọ nígbà tó ṣì wà láyé.