Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Lórí Kọ̀ǹpútà Baba

Manchester,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo bẹ̀ ọ́ kí o ka lẹ́tà yìí sí Màmá, wúrà iyebíye wa, létí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn án ni a fẹ́ sọ. O kọ̀wé pé kọ̀ǹpútà 486 tí Baba wa Àkànní, erin tí ó wó tí ilẹ̀ mì, fi sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń tẹ kíbọọ̀dù tó, kò dáhùn. Àti pé ẹni tí ń tún rédíò ṣe ládùúgbò ní kí ẹ gbé e sọnù, torí pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú. Ẹ dákun, ẹ má tíì sin ín. Mo ti wo àwọn fọ́tò tí o yà, mo sì ti rí ohun tí ń ṣe é.

Wo ẹ̀bá ihò tí a ń ki wáyà kíbọọ̀dù bọ̀. Wàá rí ohun kan tí ó ṣe roboto, aláwọ̀ búlúù, tí ó tó ìka ọmọdé. Bátìrì ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbàgbé aago àti ètò ara rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, 3.6 fólítì ni agbára rẹ̀, nickel àti cadmium sì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, á máa bọ́ ọ ní iná. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti gorí ọdún, ìdí rẹ̀ a dẹ̀, omi inú rẹ̀ a sì máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Omi yìí bá omi eérú tí Ìyá àgbà fi ń se ọṣẹ dúdú tan. Bí ìyẹn ṣe ń bó èèyàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń rá wọ abẹ́ ọ̀dà bọ́ọ̀dù, tí ó sì ń jẹ àwọn okùn bàbà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ihò kíbọọ̀dù ni ó fi ṣe ilé, okùn kíbọọ̀dù ni ó kọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ.

Bí ó bá ṣe pé ìwé tí Baba kọ nìkan ni ẹ ń wá, ọ̀rọ̀ náà ìbá má gùn: dísíìkì tí ó kó wọn sí lọ́tọ̀, bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá yọ dísíìkì náà, tí a fi wáyà IDE sí USB tí ó ní iná tirẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà òde òní, LibreOffice á ṣí ohun tí Baba fi WordPerfect kọ. Ṣe èyí ná, kí o kó ẹ̀dà wọn sí ibi méjì. Ṣùgbọ́n Màmá ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa tàn níbi tí Baba fi í sí, mo sì rò pé ó jàre. Ní ìlú Manchester yìí, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Baby ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọdún 1948, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n tún irú rẹ̀ mìíràn kọ́ fún àyájọ́ àádọ́ta ọdún rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní wèrè.

Nítorí náà, a ó tún bọ́ọ̀dù náà ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, má tan ẹ̀rọ náà mọ́. Wọ ìbọ̀wọ́, nítorí cadmium kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ pa, kí o sì fi púláyà ẹlẹ́nu mímú gé bátìrì náà kúrò. Ta fínígà funfun díẹ̀ sí ibi tí omi náà ti jò sí, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé; bí ó bá ń hó, má bẹ̀rù, kíkan rẹ̀ ni ó ń pa agbára omi burúkú náà. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, fi omi dísítíìlì ṣàn án, fi ọtí isopropyl nù ún, kí o wá gbé bọ́ọ̀dù náà síbi afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí o tó jó òjé kankan, gbé mítà rẹ sí ibi tí ó ti ń dún, fi ẹnu kan lé ẹsẹ̀ ihò kíbọọ̀dù, fi ìkejì lé ibi tí okùn bàbà rẹ̀ parí sí. Bí kò bá dún, okùn ti já lábẹ́ ọ̀dà. Èyí tí ó ti dúdú bí èédú, bí ó tilẹ̀ dún lónìí, má fọkàn tán an. Fi ẹnu ọ̀bẹ ha á títí bàbà yóò fi máa dán, nítorí pé òjé kì í mú bàbà dúdú, kí o sì tẹ́ wáyà tín-ín-rín bí irun lé e láti orí dé òpin. Òjé 63/37 ń yọ́ ní ìwọ̀n 183 lórí Celsius. Irin tí o fi ń yọ́ ọ, gbé e sí nǹkan bí 350. Ẹsẹ̀ tí o bá fẹ́ yọ, kọ́kọ́ fi òjé tuntun kún ti àtijọ́, kí ó lè tètè yọ́. Ẹni tí ó bá fi agbára fà á, bàbà ìdí rẹ̀ ni yóò fà ya.

Kapásítọ̀ ńkọ́? Èyí tí orí rẹ̀ bá wú tàbí tí ìdí rẹ̀ bá tutù, pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tantalum, tí wọ́n dà bí ẹ̀kán omi aláwọ̀ ìyeyè, kì í wú ní tiwọn; wọ́n lè pa iná pọ̀ lójijì, tí àpótí iná á sì kọ̀ láti tan ẹ̀rọ rárá. Èyí tí a bá fi rọ́pò, ìwọ̀n microfarad rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, fólítì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí i. Lójú ọ̀nà 12 fólítì, 25 ni èmi máa ń lò. Fi ojú sí ìlà ara wọn: lára kapásítọ̀ onígò alumíníọ́mù, ìlà náà ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ òdì (−), ṣùgbọ́n lára tantalum, ẹsẹ̀ rere (+) ni ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá gbé tantalum sódì, iná ni yóò fi bú. Àpótí iná fúnra rẹ̀, má tú u. Iná tí ó lé ní 300 fólítì lè lúgọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

Ní ti bátìrì tuntun, má ra aláwọ̀ búlúù mìíràn láé. Mo di ilé bátìrì CR2032 kan, dáyóòdù, òjé àti wáyà sínú páálí tí ará ìjọ wa kan tí ń bọ̀ wálé yóò mú wá. Dáyóòdù náà ṣe pàtàkì, nítorí pé CR2032 kì í gba iná sára, bọ́ọ̀dù yóò sì fẹ́ máa bọ́ ọ. Kí ó tó dé, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ láìní bátìrì. Kìkì pé ẹ ó máa tún ètò rẹ̀ tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ya fọ́tò ibi tí o bá ha, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó jó ohunkóhun, pàápàá jù lọ ẹsẹ̀ ihò kíbọọ̀dù láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, tí n kò rí nínú àwọn ti àkọ́kọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.