Oyin Inú Àpáta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí àwọn kan bá wà tí òwe yìí bá mu lóde òní, àwọn ará Iceland ni. Yìnyín bo ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ iná ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní Krafla, láàrin ọdún 1975 sí 1984, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ilẹ̀ lanu, tí ó pọ iná. Dípò kí wọ́n sá, kànga ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi oru inú ilẹ̀ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Èyí kò tó wọn. Àwọn onímọ̀ ní bí kànga bá jìn tó, tí ó dé ibi tí ooru ti le jù, ọ̀kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ni wọ́n bá ń lu ilẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Ní ọdún 2009, wọn kò tíì lọ ju nǹkan bíi mítà 2,100 nígbà tí irin ìlulẹ̀ há. Àṣé inú àpáta yíyọ́ ni wọ́n kó sí!

Wọn kò tìtorí èyí pa kànga náà tì. Omi lórí iná a máa hó ní ìwọ̀n Celsius 100. Oru tí ń tú jáde lẹ́nu kànga yìí gbóná tó 450. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè pèsè mẹgawáàtì bíi 36, nígbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ iná Krafla jẹ́ 60. Ṣùgbọ́n oyin náà ní oró: ásíìdì inú oru ń jẹ irin. Ní ọdún 2012, ìdènà ẹnu kànga bàjẹ́, wọ́n sì ní láti pa kànga náà dé.

Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́. Láàrin ọdún 2016 sí 2017, wọ́n gbẹ́ òmíràn ní Reykjanes. Ó jìn ní mítà 4,659, ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 427. Páìpù inú rẹ̀ náà tún bàjẹ́.

Kì í ṣe ooru ni ìṣòro, irin tí yóò lè fara dà á ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni irú iná yìí ti sún mọ́ òkè. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kenya, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ti ń fa oru ilẹ̀ Olkaria láti ọdún 1981. Lónìí, iná tí irú oru bẹ́ẹ̀ ń pèsè súnmọ́ ìdajì iná mànàmáná orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnu àáké ti ká mọ́ àwọn ará Iceland lọ́wọ́, àáké mìíràn ni wọ́n sì ń pọ́n.