Adelé Nínú Kíláàsì Àwọn Ọmọ Kékeré

Ní ìlú tí a bí mi sí, ẹni tí ó bá ń mójú tó ààfin láàárín ikú ọba kan àti ìgbà tí a ó fi òmíràn jẹ ni à ń pè ní adelé. Adelé kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n ìlú kò gbọdọ̀ tú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn mí títí di oṣù kìíní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ènìyàn kò sì rí àwọn òkè ìlú wa dáadáa. Ìgbà náà ni a ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá di adelé fún olùkọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin.

Ó ti pé oṣù bí i mélòó kan tí mo ti gba lísáǹsì mi ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Mo ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ sí oríṣiríṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìdáhùn kò wá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré kan wà ní àdúgbò wa, ti aládàáni ni, ó sì ní ìwé àṣẹ ìjọba. Olùkọ́ ibẹ̀ lóyún. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fún obìnrin tí ó bá lóyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 14 yìí ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò dí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìwọ ọkùnrin, pẹ̀lú lísáǹsì lọ́wọ́, ṣé ọmọ ni o fẹ́ máa pọ̀n báyìí?” Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní owó ọkọ̀ ni mo ń wá. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tí a bá fi ọmọ lé lọ́wọ́, ohun tí ó ju owó lọ ni a fi lé e lọ́wọ́. Má lọ fojú kéré wọn.”

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ní orúkọ kan fún irú ilé bẹ́ẹ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Àwa tí a wà níhìn-ín, école maternelle ni à ń pè é, bí ẹni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ìyá. Orúkọ méjèèjì ni ó tọ́. Ọ̀kan sọ èrè tí ilé ń jẹ; èkejì sọ ohun tí ọmọ ń retí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ohunkóhun nípa adelé.

Ọjọ́ kìíní kò rọrùn. Ọmọ 28 ni ó jókòó sórí ẹní níwájú mi. Mo fi Faransé tí ó dán kí wọn, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ohun tí a ó ṣe. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọmọkùnrin kan yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, “Èyí kì í ṣe Tàńtí.” Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹkún fi sọ. Bí ọ̀kan ti ń dákẹ́ ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí kò sunkún. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí géètì. Mo pè é, kò dá mi lóhùn. Mo fà á lọ́wọ́. Ó figbe ta, ó sì rọ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí ó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni ó mọ̀ pé Tàńtí máa ń gbà wọlé.” Ó ká ẹní kan, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kó àwọn ọmọ yòókù lọ síbẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ nìyẹn tí mo fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà kò wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí a tó jáde fún eré, ó ti jókòó tì wá, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá bi mí pé, “Kí ló dé tí o kò bá wọn sọ èdè tí wọ́n gbọ́?” Mo ní Faransé ni ètò ẹ̀kọ́ sọ. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba ìgbà révolution dá sílẹ̀, Centre d’Éveil et de Stimulation de l’Enfant, tí a ń pè ní CESE. Wọ́n jẹ́ ara ètò École Nouvelle tí òfin ọdún 1975 gbé kalẹ̀. Èdè ìbílẹ̀ ni a fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Nígbà tí ìṣèlú yí padà ní ọdún 1990, école maternelle gba ipò wọn, Faransé sì padà sórí àga rẹ̀. Lóòótọ́, òfin ètò ẹ̀kọ́ ti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2003 fi àyè sílẹ̀ fún àwọn èdè ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú òfin àti ohun tí ó wà lẹ́nu olùkọ́ kì í sábà rìn pọ̀. Màmá kò mẹ́nu kan òfin kankan ní tirẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé bí o bá fi èdè tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kò gbọ́ tù ú nínú, ariwo lásán ni ó gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn ní ahọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, bí ìyá ìyá mi ti ń pa á fún mi. Ọmọkùnrin kan tí a ti kọ sínú ìwé kíláàsì pé kì í sọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbè é. Nígbà tí mo gbàgbé ibi tí àlọ́ náà parí sí, òun ni ó bá mi parí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Yorùbá jẹ́ èdè ìyá wọn. A ní ọmọ Maxi, a sì ní ọmọ Fúlàní. Mo lọ bá àwọn òbí wọn kí wọ́n kọ́ mi bí a ti ń sọ “wá,” “omi,” àti “ìyá rẹ ń bọ̀.” Gbólóhùn mẹ́ta yìí ṣe fún mi ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mọ iṣẹ́ náà. Mo mọ ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ lọ tọ̀ kí ó tó sùn, àti èyí tí kò ní jẹ ẹ̀kọ tí ó bá gbóná. Àkókò kíkó kàjú ti dé. Àwọn ìyá mìíràn a máa já ọmọ wọn sílẹ̀ ní géètì kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n tó gba oko lọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò orin ní àárọ̀, itan ẹnìkan tí yóò gbé orí lé ni ó nílò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo kọ́ láti máa ka orí wọn: bí a bá jáde, mo kà, bí a bá wọlé, mo kà.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan tí ó tóbi. Láti ọjọ́ kìíní, nígbàkigbà tí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà bá bi mí pé, “Tàńtí ńkọ́?”, èsì mi ni pé, “Ó ń bọ̀ lọ́la.” Ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré níta, tẹlifóònù mi dún. Ẹnìkan fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Mo yí ẹ̀yìn sí wọn díẹ̀. Nígbà tí a wọlé, mo kà wọ́n: 27. Mo tún un kà: 27.

Ọkàn mi já. Títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà láti Kùtọnú lọ sí Parakou kò jìnnà sí wa. Mo sáré dé géètì. Ó ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá alákàrà òdìkejì ọ̀nà tí ó di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú tí ó ń bọ̀. “Ẹ gba ọmọ yín o. Ó ní ilé Tàńtí ni òun ń lọ.” Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun ni ó sọ̀rọ̀: “Ẹ ní ọ̀la ni. Ọ̀la ti dé.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó ogún ọjọ́. Olùdarí kò pariwo mọ́ mi. Ó mú mi lọ síwájú ìwé àṣẹ tí a gbé kọ́ ara ògiri, ó ní, “Èyí ni ìjọba fún mi. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè ti géètì, ìwé kò sì lè ka ọmọ. Ìwọ ni mo gbé e lé lọ́wọ́.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá ìyá ọmọ náà nílé ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ bí ó ti rí gan-an, mo sì bẹ òun náà. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ẹtì, mo kó òkúta wẹẹrẹ 11 sínú agolo mílíìkì kan. Mo sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ: Tàńtí fẹ́ bímọ, kò ní dé lọ́la, kò ní dé lọ́túnla. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a ó máa yọ òkúta kan dànù. Nígbà tí agolo bá ṣófo, Tàńtí yóò dé. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Wọn kò sunkún. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ju òkúta.

Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin náà kò dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ní àràárọ̀ a kọ́kọ́ lọ wo agolo, lẹ́yìn náà a wá jókòó. Ní ọjọ́ kan mo rí i pé òkúta méjì ti dín, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀. N kò bá a wí. Ta ni nínú wa tí kò ti fẹ́ kí ọjọ́ yára rí? A jọ dá wọn padà, a jọ kà wọ́n.

Ní ọjọ́ tí ó ku òkúta kan ṣoṣo, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́? Òkúta tiyín ku mélòó?” N kò ti ronú kan ara mi rí nínú ìkà náà. Mo ní fún un pé ọ̀kan náà ni, pé bí Tàńtí bá dé, èmi yóò lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ó dáa.” Nígbà tí Tàńtí wọlé ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó sáré lọ dì mọ́ ọn, kò bojú wẹ̀yìn. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí adelé túmọ̀ sí. Ilé kò tú. Onílé dé, ó bá a bí ó ti fi í sílẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a sì máa ga jù mí lọ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo máa ń rí àwọn ọmọ sixième tí wọ́n wá láti abúlé, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣùgbọ́n tí ojú wọn wà ní ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ wọ́n. Mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n wà. Bí n kò bá sì ní wá ní ọjọ́ kan, mo máa ń kọ ọjọ́ tí n ó padà sára pátákó, n kì í sọ pé “láìpẹ́.”

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé wa yìí ni yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí tiyín tó dé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ọ̀rẹ́ yín yóò sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbà á. Ẹ béèrè èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ nílé. Ẹ pa tẹlifóònù, ẹ ti géètì, kí ẹ sì ka orí wọn. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ìgbà wo ni onílé ń bọ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ó jẹ́ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ jìnnà.