Iṣẹ́ Tí A Rán Ẹ̀rọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Bẹyẹrunka, ìyá mi àgbà a máa rán mi níṣẹ́ lọ sí Ọjà'ba. Bí n kò bá bá ẹni tí wọ́n rán mi sí, n ó padà wá wí pé, 'N kò bá wọn nílé o.' Ó parí. Wọn kì í tún rán mi lọ pé kí n sọ pé àwọn ti gbọ́ pé onítọ̀hún kò sí nílé. N kò mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá ni, àfi ìgbà tí mo di ẹni tí ń mójú tó ímeèlì ilé iṣẹ́ kan nítòsí Mápó.

Ní ọdún kan, bí a ti ń lọ fún ìsinmi Iléyá, mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ wa pé kí ó máa dá gbogbo ẹni tí ó bá kọ̀wé sí wa lóhùn pé a kò sí nílé. Ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó kọ̀wé sí wa ti pa irú àṣẹ kan náà. Ni ẹ̀rọ méjì bá ń dá ara wọn lóhùn, tiwa ní a kò sí nílé, tiwọn ní àwọn náà kò sí nílé, tọ̀sán-tòru, títí àpótí lẹ́tà wa fi kún dẹ́nu. Gbogbo lẹ́tà tí ó dé lẹ́yìn náà, ńṣe ni ẹ̀rọ ń dá a padà.

Ìwé owó tí ọkọ opó kan ní Bẹẹrẹ fi sílẹ̀ wà nínú wọn. Ìyá náà gun òkè Mápó wá. 'Ọ̀gá, ọmọ mi ní ẹ ju ìwé àwọn padà. Kí la fi ṣe yín?'

Mo dọ̀bálẹ̀. 'Ẹ má bínú, ìyá mi. Àpótí ló kún. Ẹ̀bi mi ni.'

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá yìí tún fi dúró.

Ìgbà náà ni mo tó ka ìlànà tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ láti ọdún 2004. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ má ṣe dá èsì ẹ̀rọ lóhùn, kí ẹnì kan náà má sì gba irú èsì bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ 7. Ní ti lẹ́tà àdápadà, òfìfo ni a ń fi àyè àdírẹ́sì olùránṣẹ́ rẹ̀ sí, kí ẹ̀rọ kankan má baà rí ibi tí yóò tún dá a padà sí. Ọgbọ́n ìyá mi àgbà gan-an nìyẹn!

Ẹ̀yin náà, bí lẹ́tà yín bá padà, ẹ má tètè rò pé a lé yín. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ̀rọ yóò tún gbìyànjú. Bí ó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, kò ní í tún un gbé lọ mọ́; ẹ ka ìdí rẹ̀, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ bí a ti ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí yóò rán an ni kí ó fi tọmọ rán an.