Ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́dún 2020, àbúrò mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Orí fóònù ni ẹ̀kọ́ wọn bọ́ sí. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú kò rí kíláàsì lọ, ni mo bá ń gbọ́ tiwọn.

Ètò ẹ̀kọ́ náà wù mí. Larry Michaelsen ló dá a sílẹ̀ ní yunifásítì Oklahoma ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tó ń kọ́ nípa òwò, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti kàwé wá láti ilé. Oníkálukú á kọ́kọ́ dá ìbéèrè dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹni márùn-ún sí méje á jọ dáhùn ìbéèrè yẹn kan náà, wọ́n á fẹnu kò sórí ìdáhùn kan, kí wọ́n tó wá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi wọ́n léèrè ìwọ̀n parasitamọ́ọ̀lù tó tọ́ sí ọmọ tó wọn kílò 12, bó bá jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ti kọ 180 nígbà tó ń dá ṣe é. Nígbà tí wọ́n kóra jọ, ọkùnrin kan tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ já gaara ní 360 ni. Àbúrò mi dákẹ́. 360 ni gbogbo wọn fi sílẹ̀.

Mo ní kí ló dé? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ojú ẹnì kankan. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní mo gbọ́n jù. Dátà mi náà sì ti ń tán lọ.”

Olùkọ́ wọn kò mọ̀. Nínú gbọ̀ngàn, á máa rìn láàárín wọn, á rí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò lè sọ. Lórí fóònù, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló lè wà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, ó pàṣẹ pé kí oníkálukú sọ ìdáhùn tirẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó jọ pinnu.

Mo kọ́kọ́ dá àbúrò mi lẹ́bi. Nígbà tí a padà sí kíláàsì, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kà níwájú àwọn ọmọ kéwú mi. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan. Lẹ́yìn tí a túká, ọmọkùnrin kan rọra wá bá mi: “Àáfà, mo ti rí i.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Pàṣán ọwọ́ mi ló ń wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹgbẹ́ bá ṣi ìdáhùn nínú kíláàsì, máàkì ni wọ́n pàdánù. Ní ọsibítù, ọmọ ọlọ́mọ ni. Láti ọjọ́ náà, mo ti gbé pàṣán sílẹ̀, ẹni tó kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi.