Ihò Inú Léèsì

Bùbá léèsì tí ìyá mi rà nígbà owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fáwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún 1975, ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti gbó, ó ń ya fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òwú tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ sí i lára ṣì le koko. Òdòdó wà, ilẹ̀ tó hù sí ti lọ.

Ní Lustenau, ìlú kan ní Austria tí ọ̀pọ̀ léèsì wa ti wá, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí ọjọ́ orí ṣe sí bùbá yìí. Oríṣi kan wà tí ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ sára aṣọ tán, tí wọ́n á wá yọ́ aṣọ náà dànù kó lè ku òwú nìkan. Ti oníhò, ẹ̀rọ á dá aṣọ lu, á sì fi òwú gbá etí ihò náà. Isaak Gröbli, ará Switzerland, ló gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1863, abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń yọ aṣọ kúrò tó ni owó ń gorí owó. Àbí ihò là ń rà ni?

Irú ihò yẹn lára léèsì ìyá mi ni mo máa ń ki ìka bọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. “Gbé ọwọ́ ẹ kúrò! O mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan?” Lóde àríyá, n kì í dé itan ìyá mi. Mo gbà pé léèsì ju ọmọ lọ nílé wa.

Àmọ́ nígbà tí mo gbé bùbá náà sí ojú fèrèsé, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló gbó bákan náà. Ẹ̀yìn ló gbó jù, láàárín èjìká méjèèjì, àti òkè ọmú níwájú, níbi tí etí ìró ìpọnmọ máa ń fún. Lẹ́bàá èjìká òsì, òdòdó kan ti tú wúrúwúrú. Ẹnu ọmọ ló fà á tú, kì í ṣe ìka.

Orí mi wú. Mo pe àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, mo ní ṣé wọ́n rántí ìgbà tí ìyá mi wọ léèsì yẹn pọ̀n mí.

“Ìwọ kẹ̀? Àbúrò rẹ ni. Ìwọ ti ń sáré kiri nígbà yẹn.”

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Inú ṣì bí mi díẹ̀.